Nọ́ńbà Tí Mo Ń Kọ Sára Pátákó Sinimá

Èmi ni mo máa ń kọ pátákó ilé sinimá kan l'Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni, iṣẹ́ ìjọba tí mo ń retí ò tíì dé, ìyá mi sì ti fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ kọ́ mi ní àdìrẹ yíyà láti kékeré. Bí ọ̀gá onísinimá ṣe rí ọwọ́ mi báyìí, ó ra búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà fún mi. Iṣẹ́ mi ò ju kí n kọ orúkọ fíìmù àti aago tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, kí n sì ya ọkùnrin kan tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Fíìmù ìjà àwọn ará Ṣáínà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Fíìmù kan wà tí gbogbo ìlú fẹ́ràn, tí ọkùnrin tó ń jà nínú rẹ̀ kú sínú òjò níparí. Àwọn géńdé ọkùnrin sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n ní èéfín sìgá ló ta sí àwọn lójú. Nígbà tó yá, fíìmù mìíràn dé, ọkùnrin yẹn náà ló ṣe é. Mo kọ orúkọ fíìmù náà gan-an sí pátákó. Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, àwọn tó wá ò pọ̀, mo lè ka orí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá pè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, pa orúkọ yẹn rẹ́. Orúkọ ti àkọ́kọ́ ni kó o kọ, kó o wá kọ Páàtì Tuu sí ìdí ẹ̀."

"Ọ̀gá, fíìmù mìíràn mà nìyí. Orúkọ ọkùnrin yẹn tiẹ̀ yàtọ̀ nínú ẹ̀."

"Ṣé ojú ẹ̀ náà yàtọ̀ ni?"

Mo kọ ọ́. Ní Sátidé kejì, wọ́n fa ara wọn láṣọ ya lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan sì dúró wò ó títí tó fi parí. Fíìmù kan náà! Ẹnu yà mí. Èmi kì í rí nǹkan kí n má tú u wò, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn èèyàn láàmú pẹ̀lú ìbéèrè. Ìyá mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jà àdìrẹ Ìtòkú: oníbàárà á yẹ àdìrẹ tuntun wò, á yìn ín, á sì ra irú èyí tó ró lésìí. Láti ìgbà náà, fíìmù tí ò bá ti ní nọ́ńbà, bó ti wù kó dára tó, kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ti ọkùnrin wa yìí dé Páàtì Fọ́ọ̀.

Ohun tí ò yé mi ni bí wọ́n ṣe gbà pé ẹni tó ti kú tún ń rìn kiri. Mo bi bàbá àgbẹ̀ kan tó ti ọ̀nà Ọ̀fàdà gbé ìrẹsì wá sọ́jà, tó sì yà wá wo sinimá. Bàbá wò mí bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé.

"Ibì kan ló kú sí. Ibòmíràn ló ń gbé báyìí."

Àkúdàáyà ni bàbá ń sọ. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé tó kú, á lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́yàwó, á máa ṣòwò, ọjọ́ tí ará ilé bá fojú kàn án ló máa pòórá. Orúkọ tuntun, ìyàwó tuntun, ìlú tuntun: lójú tiwọn, kò sóhun tó rú wọn lójú nínú ìtàn náà. Mo rẹ́rìn-ín títí, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n wọn.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ta aṣọ nínú ilé wa l'Òwu, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo sinimá. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni ọkọ rẹ̀ kó aṣọ lọ sí òkè Ọya, tí lọ́rì tó wọ̀ jóná lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin gbogbo wọn sí. Àǹtí mi ò rí òkú, kò sì gbà pé òkú wà. Kò ṣe opó, kò jẹ́ ká ṣe àdúrà fídáù fún ọkọ rẹ̀. Àlùfáà wá bá a, ó ní kò sí àkúdàáyà nínú ẹ̀sìn wa. Àǹtí mi kàn gbé oúnjẹ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wọkọ̀ lọ sí Kánò nítorí pé ẹnì kan ní òun rí ọkùnrin tí ìrìn rẹ̀ jọ ti ọkọ rẹ̀.

Obìnrin tí kì í lè wo bí wọ́n ṣe ń pa àgbò Iléyá ló ń jókòó síwájú pátápátá ní gbogbo Sátidé. Tí wọ́n bá ń jà, á fi gèlè bojú. Tí ọkùnrin inú fíìmù yẹn bá ń jẹun, tàbí tó ń rẹ́rìn-ín sí ìyàwó rẹ̀ tuntun, á ṣí i. Mo bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀.

"Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé lọ́hùn-ún ni," ó ní. "Ní Páàtì Fáìfù, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ á wá a dé bẹ̀, ó dá mi lójú. Tí mo bá ti rí ohun tó ṣe tí ọkọ ẹ̀ ò fi pòórá, Kánò ni mò ń kó lọ pátápátá."

Kì í ṣe ẹnu lásán. Ó ti ń ta ọjà rẹ̀ ní gbàǹjo. Ọ̀gá sì ti gbé ọ̀dà Páàtì Fáìfù fún mi. Mo dúró níwájú pátákó. Àánú Àǹtí mi ṣe mí, ojú sì tì mí. Mo ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo gba ilé lọ.

Mo bá a nínú yàrá, ó ń di ẹrù. Mo kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi ni mò ń kọ nọ́ńbà yẹn."

"Mo mọ̀. Ṣebí ìwọ lò ń kọ pátákó."

"Rárá, mà. Kò sí nọ́ńbà lára fíìmù kankan. Ọ̀gá ló ní kí n máa kọ ọ́ kí èrò lè wá. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Òṣèré kan náà ni, àmọ́ ẹni tó ń ṣe nínú ọ̀kan kọ́ ló ń ṣe nínú èkejì."

Mo rò pé á gbá mi létí. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó gbá mi.

"Ẹni tó kú sínú òjò ńkọ́?"

"Ó kú, mà."

"Kò sí níbòmíràn?"

"Kò sí níbì kankan, mà."

Ó jókòó sórí ẹrù tó ń dì. Ó figbe ta. Ìyá mi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú aró dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn aládùúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ń bèèrè pé ta ló kú.

"Ọkọ mi ni," Àǹtí mi ní.