Ẹ̀yìn Ìyá Mi

Òórùn pí-ó-pí tútù kò yàtọ̀, ì báà jẹ́ àjà ilé ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ni wọ́n fẹ́ fi dì. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pò ó lẹ́nu ọ̀nà wa ní Òmù-Àrán lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣe ni mo wá ibì kan jókòó sí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní Ìlọrin ni mo rántí.

Ọmọbìnrin mi kò tíì rìn nígbà náà. Ìyá mi, tó wá láti Rore wá bá mi tọ́jú rẹ̀, ló ń wẹ̀ ẹ́ tó fi rí i pé ẹsẹ̀ òsì kúrú ju ọ̀tún lọ. A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Títí di òní ni mo ṣì ń ro ohun tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe: kò tú aṣọ ọmọ, kò fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, ìyá mi tó pọ̀n ọ́n ló kàn ń wò látòkè délẹ̀.

"Màmá, pípọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń pọ̀n ọ́n ló ya á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin àgbà yìí náà! Ẹ má pọ̀n ọ́n mọ́ o. Ẹ di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó lè nà."

Àwọn ìyálọ́mọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi tú ọ̀já níbẹ̀, ó sì gbé ọmọ fún mi. Nígbà tí a délé, a di ẹsẹ̀ náà pọ̀ bí wọ́n ṣe ní ká ṣe, ọmọ ń ké.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà kò nà, mo gbé ọmọ lọ sí Ìlọrin, dókítà ibẹ̀ sì fi fọ́tò egungun hàn mí. Orí egungun itan kò jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, àmọ́ dídì tí a dì í pọ̀ ló tún dá kún un. Wọn ò la ìbàdí náà sílẹ̀. Ihò kékeré méjì ni wọ́n lu, kámẹ́rà tín-ín-rín gba ọ̀kan wọlé, wọ́n gba èkejì kó ọ̀rá tó dí ọ̀nà kúrò, wọ́n sì dá egungun padà sáyè rẹ̀. Wọ́n wá fi pí-ó-pí dì í láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, itan méjèèjì yà, orúnkún ká.

"Dókítà, ṣé bí ọmọ ṣe ń wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ kọ́ nìyí?"

"Òun gan-an ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ má pọ̀n ọ́n?"

Mo padà lọ fẹjọ́ sùn níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Wọ́n ní wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì náà lọ síbòmíràn. Kò sẹ́ni tó bẹ ìyá mi.

Ọmọ yẹn ń sáré báyìí. Nígbà tí mo bí àbúrò rẹ̀, ìyá mi tún wá. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi òrí pa á lára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo na ọ̀já sí i, kò gbà á.

"Màámi, dókítà ní pípọ̀n dára o."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé ni nọ́ọ̀sì yẹn ti sọ tiẹ̀. Ti dókítà, ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ."

Èmi kì í gbàgbé ẹjọ́. Ihò kékeré méjì ni wọ́n fi tún ìbàdí ọmọ mi ṣe. Mi ò tíì rí ibi tí mo lè gbà tún ẹ̀yìn ìyá mi ṣe.