Bí Gààrí Ìjẹ̀bú Ṣe Di Ìrọ̀rí Àṣàkẹ́

Èmi ni mo pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ láti Ìkẹjà dé Agége pé kí wọ́n dákẹ́, wọ́n sì dákẹ́. Ẹ̀rọ bísíkíìtì, ẹ̀rọ ọṣẹ, ẹ̀rọ tó ń na irin, jẹnẹrétọ̀ tó ga ju ilé alájà kan lọ, gbogbo wọn panu mọ́ bí ọmọ iléèwé tó gbúròó ọ̀gá. Èéfín tó ti jáde lọ sójú ọ̀run tún fẹ̀yìn rìn padà wọlé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Ràsákì oníkẹ̀kẹ́. N ò mọ ilé ẹ̀, kò sì ní fóònù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ilé wá. Gbogbo ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ mọ̀ pé Ọlọ́run fún mi ní ohùn. Bí mo bá kí èèyàn nínú oko kòkó mi, ẹni tó wà lọ́jà ló máa dáhùn. Ohùn yìí náà ló sì dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti Àṣàkẹ́, ọmọ ọmọ mi, tí Fúnmi ọmọ mi bí sí Ìfàkọ̀-Ìjàyè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agége. Ọmọ náà ń pé ọdún márùn-ún. Ó rẹwà, ojú ẹ̀ mú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn dókítà ní ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pe bí Ọlọ́run ṣe dá a. Fúnmi ló là á yé mi: ohun tó jẹ́ kíkùn ẹ̀fọn létí tèmi, agogo ńlá ni létí tirẹ̀. Aṣọ tí èmi wọ̀ tí mo gbàgbé pé mo wọ̀ ọ́, ó lè dà bíi yèrèpè lára tirẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí wọn gbẹ̀yìn, mo ṣe bí bàbá àgbà ṣe ń ṣe nílé wa. Láti ẹnu géètì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́ ọmọ olóko!" Mo nà án gùn, mo sì ń fọn fèrè tí mo rà fún un sí i. Ọmọ di etí méjèèjì, ó fi igbe ta, ó kó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì jáde títí mo fi wọkọ̀ padà. Mo ti bá ẹkùn jìjàkadì rí, mo sì dá a, ṣùgbọ́n ìyẹn kò rẹ̀ mí tó ìrìn àjò ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Fúnmi pè mí.

"Bàámi, ọjọ́ ìbí Àṣàkẹ́ ti dé. A fẹ́ kí ẹ wá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ohun tó ń dún. Ẹ má ra ohun tó ń tan iná yòò. Ẹ má ra aṣọ tó le."

"Kí ló kù tí mo lè rà?"

"Ó fẹ́ràn ohun tó rọ̀, tó tún wúwo. Abẹ́ aṣọ tí mo kó jọ láti lọ̀ ló máa ń wọ̀ lọ, á sì fara balẹ̀." Ó tún ní, "Bàámi, tó bá tún sá fún yín lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ò ní bínú tá a bá ní kí ẹ máa kí i lórí fóònù nìkan?"

Mo ní n ò ní bínú. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo jókòó sójú kan, oúnjẹ alẹ́ kò sì wọnú mi.

Kí àkùkọ tó kọ, mo ti wà ní gáréèjì. Ìyàwó mi ti di gààrí sínú àpò kan, ó ní kí n gbé e fún Fúnmi, nítorí pé èyí tí wọ́n ń tà l'Ékòó, bí èèyàn bá bu omi sí i, ṣe ló máa ń wú bí ẹni tó jogún. Gààrí tiwa kúnná, ó gbẹ, ó sì kan dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ má lọ pariwo lé ọmọ lórí o." Mo dá a lóhùn pé n ò ní pariwo. Àwọn ajá àdúgbò jí.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ra ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná, mo jẹ ẹ́ tán kí ọkọ̀ tó kún. Ọ̀nà Ṣágámù dára díẹ̀ báyìí, àfi kòtò kan tó ti dàgbà débi pé ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó máa dìbò. Dírẹ́bà wa kí i kó tó kó sínú ẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa mú, mo ti sọ̀ ní Ìkẹjà, ibẹ̀ ni mo sì ti bá Ràsákì pàdé, ọkùnrin gbọọrọ kan tó ká ara ẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ bí ejò inú agolo.

"Bàbá, níbo là ń lọ?"

"Ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré tí kì í dún."

Ó yíjú padà wò mí. "L'Ékòó yìí? Bàbá, òkúta nìkan ni kì í dún níbí, àwọn ọmọ àdúgbò wa ń jù ú sórí páànù."

Ó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Allen, níbi tí òtútù inú ilé ti pọ̀ débi pé eyín mi ń bá ara wọn jà. Ọmọbìnrin tó ń tajà gbé bèbí kan jáde. "Dádì, ẹ wo èyí. Ó ń kọrin, ó ń tanná lójú, ó ń tọ̀, tó bá sì tọ̀ tán, á ké pé kí ẹ pààrọ̀ aṣọ òun. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà péré ni."

Mo ní, "Ọmọ mi, ìyàwó mi bí mẹ́fà tó ń ṣe gbogbo ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé gáùn onílééṣì wá. Bí mo bá ní kí n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ àgbẹ̀ ni tèmi, kò mọ dídán yàtọ̀ sí líle. Mo bá di ojú, mo fi gáùn náà ra ọrùn ara mi. Háà! Ó ń jẹ mí bí ìjàlọ. Mo tún mú béárì onírun, mo fi ra ọrùn. Mo mú súwẹ́tà, mo fi ra ọrùn. Mo mú ìbọ̀sẹ̀. Síkiọ́rítì wá dúró tì mí.

"Bàbá, ṣé kò sí wàhálà?"

"Ọrùn mi ló ń bá mi yẹ ọjà wò."

Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo jáde, Ràsákì rẹ́rìn-ín títí tí kẹ̀kẹ́ fi ń mì.

A wá gba ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ lọ. Nílé, ohun tó ń pariwo jù ni ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀rọ yẹn ń kọ orin arẹmọlẹ́kún ni. Ọ̀nà yìí ń hó, ó ń lù gbì-gbì, irin ń han, tírélà ń fọn fèrè, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sínú àyà mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo di etí. Mo fẹ́ wọ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé bí èmi ṣe rí létí Àṣàkẹ́ nìyí.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo na ọwọ́ sókè, mo ní, "Ó tó!" Gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ẹ gbọ́ kí n sọ fún yín, ó dákẹ́ débi pé mo gbọ́ tí eèrà kan ń kí ìyàwó ẹ̀ lábẹ́ gọ́tà.

Lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ, àwọn obìnrin ń ta ègé aṣọ tí wọ́n fi ń rán síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo fi ra ọrùn. Kò jẹ mí. Mo tún fi ra ọrùn, oorun fẹ́ gbé mi. Mo ra èyí tó tó rán ìrọ̀rí, a sì gbé e lọ bá Ìyá Rídwàn, aránṣọ kan tí Ràsákì mọ̀ ní Agége, lẹ́bàá ibi tí búrẹ́dì gbígbóná ti ń jáde láti inú ààrò. Mo ra búrẹ́dì kan mọ́ ọn, nítorí inú ẹ̀ tó rọ̀ ni Àṣàkẹ́ máa ń jẹ, á fi èèpo sílẹ̀.

Mo bẹ Ìyá Rídwàn kó jẹ́ kí ojú rírán wà nínú pátápátá, kó má kan ọmọ lára. Ó rán an tán, ó gbé e sọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ ní kó wúwo. Kí la fẹ́ kó sí i?"

Ràsákì ní iyanrìn. Ìyá Rídwàn ní eruku ẹ̀ yóò máa kù jáde. Mo ní ẹ̀wà. Ó ní kòkòrò á bí ọmọ sínú ẹ̀. Ojú mi wá lọ sí àpò tó wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ìyá Rídwàn rí ibi tó lọ.

"Ẹ má dán an wò o, Bàbá!"

"Dà á sí i."

"Gààrí? Kí ọmọ ènìyàn máa fi oúnjẹ ṣe ìrọ̀rí? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín lóòótọ́!"

"Ó gbẹ, ó kúnná, ó wúwo. Dà á sí i, ìyàwó mi."

Ó dà á, òun àti Ràsákì ń rẹ́rìn-ín, ó sì rán ẹnu ẹ̀ pa.

Nígbà tí mo dé Ìfàkọ̀-Ìjàyè, Fúnmi ṣí géètì, ó fi ìka sétè. Oríkì ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé e mì bí ẹni gbé egbòogi mì. Mo wọlé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ìrọ̀rí síwájú mi, mo wá ń wo ògiri. Àṣàkẹ́ wà lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ mi kú, mo fi sílẹ̀ kó kú.

Rélùwéè Agége wá fọn fèrè. Ọmọ di etí. Èmi náà di etí, n ò tiẹ̀ rò ó. Ìgbà yẹn ló wò mí.

Ó rá jáde. Ó gbé ìrọ̀rí lé ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, gààrí sì ń ṣí nídìí ṣìì, ṣìì. Ó fi imú gbóòórùn ẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Fúnmi fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, "Bàámi, kí ló ń rùn bíi gààrí?"

"Gààrí ni."

"Èyí tí Màmá fi rán yín sí mi dà?"

"Ó wà lórí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ."

Ó ki ẹnu bọ inú ìró ẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa jáde. Ọkọ ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Aláúsá, ti ra ẹ̀pà dé láti fi mu gààrí náà. Ẹ̀pà lásán ló jẹ lọ́jọ́ náà.

Àṣàkẹ́ wá fẹ̀yìn tì mí. Mo di ẹnu pinpin, mo ń kì í nínú àyà, bí oyin ṣe ń kùn nínú igi. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun mi. Bí mo bá dákẹ́, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí n máa bá a lọ. A wà bẹ́ẹ̀ títí tí ọmọ fi sùn.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo kí ìyàwó mi. Ó jáde, ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí mi, ó ní ṣé ara mi kò yá, tí òun kò gbọ́ mi láti ìsàlẹ̀ àdúgbò? Mo ní ara mi yá. Mo ti kọ́ lọ́nà pé èèyàn lè kí ọmọ láìlanu.

Ẹ wò ó, n ò bá ẹkùn jà rí, Ràsákì sì ní fóònù méjì. Ìkẹjà kò dákẹ́. Ó ń hó bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ tó wà lọ́fun mi yẹn, n ò fi ẹyọ kan kún un.