Fèrè-Kan Nínú Yàrá Àtúnwò

Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní Fèrè-Kan. Rẹfirí ni, tó bá sì ti fọn fèrè, ó parí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ì báà yí i ká, kí kóòṣì wọn máa fi ike omi nalẹ̀, kò ní yí i padà. Bó ṣe rí nílé náà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ má wulẹ̀ dà wọ́n láàmú, wọ́n ti fọn fèrè," gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n mọ̀ pé orí kunkun lásán ni.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ eré sísá, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń fi fídíò tún eré wò. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Tẹlifíṣọ̀n tò síwájú rẹ̀, obìnrin kan tó ń yí àwòrán síwá sẹ́yìn sì jókòó tì í. Bí rẹfirí orí pápá bá ṣe àṣìṣe tó hàn kedere, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ tó fi sétí pé kó wá wo tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bí kò bá hàn kedere, kí wọ́n panu mọ́. Ẹnu pípamọ́ yẹn gan-an ni àbúrò mi ò kọ́ rí láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ rẹfirí lọ́wọ́ àbúrò mi ló ń fọn fèrè lórí pápá. Tíṣà là ń pè é, torí iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Wọn ò fún obìnrin kankan ní irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá yege, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rẹfirí eré ilẹ̀ òkèèrè. Bó bá kùnà, ẹ kúkú mọ ẹnu ayé. Àbúrò mi ló kọ́ ọ ní ibi tó yẹ kó dúró sí, òun náà ló kọ́ ọ pé, "Bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, ó tán."

Eré ku díẹ̀ kó parí, kò sẹ́ni tó tíì jẹ góòlù. Bọ́ọ̀lù ba ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan, níwájú àwọ̀n wọn gan-an. Tíṣà ò jìnnà, ó rí i, ó ní kí wọ́n máa gbá a lọ.

"Fà á padà," ni àbúrò mi wí nínú yàrá. "Rọra yí i. Túbọ̀ rọra."

Bí a bá fa nǹkan falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dà bí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ọwọ́ tí kò ráyè sá wá dà bí ọwọ́ tó ń lọ mú bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe yá tó lórí pápá," obìnrin tó ń yí àwòrán wí. Bí òfin iṣẹ́ wọn ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn.

"Kí la tún ń wò? Mo ti rí i."

Ó ti fọn fèrè, nínú yàrá tí kò ti ní fèrè lọ́wọ́. Ó sọ sí Tíṣà létí pé, "Wá wò ó."

Tíṣà sáré lọ, ó wo ọwọ́ tó ń rìn bí ìgbín.

"Ọ̀gá, ó jọ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ṣé o ò rí ọwọ́ ni?"

"Mo rí i, sà."

Tíṣà fún ẹgbẹ́ kejì ní pẹnárítì. Bọ́ọ̀lù náà sì wọlé.

Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ti wo àwòrán náà bó ṣe yá tó, kò sì sẹ́ni tí kò rí i pé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn náà ò jẹ̀bi. Àwọn aláṣẹ ní rẹfirí orí pápá ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, wọ́n bá yọ Tíṣà kúrò lára àwọn rẹfirí wọn. Ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu ba yàrá. Inú bí mi gidi.

"Lọ sọ ohun tó o ṣe fún wọn!" mo jágbe mọ́ àbúrò mi.

Ó lọ lóòótọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ó wá lọ bá Tíṣà nílé, ìyẹn kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un.

"Kí ló dé tó ò sọ pé rárá?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí, sà."

Àbúrò mi fi iṣẹ́ yàrá àtúnwò náà sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́ tí Tíṣà ti ń ṣe rẹfirí eré àwọn ọmọdé. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kan ṣubú, Tíṣà fọn fèrè, ariwo sọ. Ṣùgbọ́n kó tó nawọ́ síbì kankan, ó yíjú sí àbúrò mi lórí bẹ́ǹṣì, ó dúró, ó ń retí.

Àbúrò mi tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà. Sálúbàtà ló wọ̀.