Fóònù Tí Ìyá Gbìn

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí o. Fóònù ló ń tún ṣe jẹun. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Dókítà Fóònù, torí bí fóònù bá já sómi, tí ẹni tó ni ín ti ń ké, òun ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu inú rẹ̀ títí yóò fi tún sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí oníbàárà níwájú rẹ̀, ìwé ìtàn ló ń kọ, nínú ìtàn náà, ẹ̀rọ ni ọ̀tá aráyé! Ẹni tí ẹ̀rọ ń bọ́ ló tún ń bú ẹ̀rọ. Kò tilẹ̀ tì í lójú.

Ayé ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà dá lé. Ìlú ti di irin àti gíláàsì, àwọn aláṣẹ ti gé gbogbo igi, ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀rọ kan wà nílé oníkálukú tó ń fi ohùn ẹbí ẹni sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò wá bẹ ẹnikẹ́ni wò mọ́. Ni ọmọbìnrin kan bá gbé ẹ̀rọ tó ń fi ohùn bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó rì í mọ́ ìdí igi tó kù, bàbá fúnra rẹ̀ sì dé. Háà, Dókítà fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn! Bí o bá gbé fóònù lọ bá a, àfi kí o gbọ́ àlàyé.

"Igi yẹn, ẹbí ni. Ẹ̀rọ yẹn, ìdáwà ni. Ṣé ó yé ọ?"

Oníbàárà á ní ó yé òun dáadáa, kó ṣáà bá òun pààrọ̀ gíláàsì tó fọ́.

Ìyá rẹ̀, tó ń dá gbé ní òdìkejì ìlú, ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn, torí ojú ìyá kò ríwèé kà mọ́. Tẹ́lẹ̀, ọmọ a máa lọ kà á fún un. Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà jìn, ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn sínú fóònù, ó ń fi ohùn ránṣẹ́. Bí ìyá bá gbọ́ ọ tán, á pè é.

"Òǹkọ̀wé, o kú iṣẹ́. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Láìpẹ́, Màmá."

Láìpẹ́ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irùngbọ̀n.

Ó wá fi ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá kò pè. Ó pe ìyá, kò wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún pè é, pàbó ni. Ìyá ti yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ rí, àwọn aládùúgbò ló bá a nílẹ̀. Bí Dókítà ṣe rántí èyí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó fi ìfun fóònù oníbàárà sílẹ̀ gbalaja lórí tábìlì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó fò sórí alùpùpù. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Gbogbo ọ̀nà ló ń bẹ Ọlọ́run.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ìyá, tó ń bomi rin igi ọsàn kékeré kan nínú korobá tó ti la.

"Màmá! Fóònù yín dà?"

Ìyá fi ẹnu júwe korobá náà. "Ó wà níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ rì í mọ́lẹ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́. Mo kúkú yọ bátìrì rẹ̀, mo sì fi ọ̀rá wé e. Orí mi ò dàrú."

"Màmá, àmì lásán ni o! Igi yẹn, kì í ṣe igi gan-an. Ẹ̀rọ yẹn—"

"Ó yé mi. Mo gbin fóònù lánàá, ọmọ mi hù lónìí. Èwo ló kù tí kò yé mi níbẹ̀?"

Ojú ti aláàlàyé wa, omi sì lé sí i lójú. Ó nawọ́ láti hú fóònù náà, ìyá gbá a lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀ ná. Jókòó, kí o sọ ibi tó kù fún mi."

Ó fa àpótí sún mọ́ ìyá. Kò tíì sọ ọ́ jìnnà tí fóònù tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú àpò: oníbàárà ń wá ẹrù rẹ̀. Ìyá wo àpò, ó wo korobá. Dókítà yọ fóònù tirẹ̀ lápò, ó pa á, ó ń bá ìtàn lọ.