Èjí Ìyá Kúnlé àti Oògùn Ìyàwó

Ẹni tó bá mọ Morádéyọ̀ ní Ààyè-Èkìtì, èjí ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín báyìí, eyín iwájú méjèèjì á ya ara wọn sọ́tọ̀, àlàfo àárín wọn á sì mọ́ roro. Abíọ́dún ọkọ rẹ̀ kì í fi bò pé èjí yẹn ló fa òun dé ilé àna òun. Àwa tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé wọn, tí eyín tiwa fún pọ̀ bí àgbàdo ara ṣúkù, a ti gbọ́ ìtàn yẹn títí ó fi sú wa. Ní tèmi o, ọkọ mi ò rí nǹkan yìn lẹ́nu mi rí ju pé ọ̀rọ̀ kì í tán níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá Kúnlé la máa ń pè é, òun sì ni ìyálé ilé wọn. Kò ní orogún o. Múyìwá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló fẹ́ Àyànfẹ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀, àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyálé. Bí wọ́n bá pín ẹran, òun ló ń kọ́kọ́ mú. Bí wọ́n bá kó iṣu tuntun dé láti oko, òun ló ń kọ́kọ́ ṣà. Morádéyọ̀ kì í fi ipò yẹn ṣeré rárá.

Àyànfẹ́ kàwé, tíṣà ni, awọ rẹ̀ ń dán. Ojoojúmọ́ ni Múyìwá ń fi ọ̀kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Kúnlé ń fojú bá lọ.

“Ẹsẹ̀ lèmi fi ń rìn lọ sóko,” á ní. “Ṣùgbọ́n kò ní èjí.”

Bó bá ti sọ ìyẹn tán, ara rẹ̀ á balẹ̀, á tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Àfi ìgbà tí èjí náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ó ti pẹ́ tí èrìgì rẹ̀, ẹran tó di eyín mú yẹn, ti ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá ń run pákò. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ń bà á lẹ́rù, ló bá dẹwọ́ pákò, omi lásán ló ń fi yọ́ ẹnu. Lọ́jọ́ kan tó ń jẹ àgbàdo sísun, ó rí i pé ọ̀kan nínú eyín èjí ń yẹ̀. Ó pè mí wọ yàrá, ó ní kí n fi ìka kàn án. Mo kàn án, ó mì lóòótọ́.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni,” ó ní. “Bí èjí yìí bá bọ́, kí ló tún kù tí mo fi ju ìyẹn lọ?”

Ẹni tó ń pè ní ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ó wá ṣe kòńgẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ojú Àyànfẹ́ wú. Eyín iwájú rẹ̀ kan lókè ló ń dùn ún. Ètè rẹ̀ wú dé abẹ́ ojú, ara rẹ̀ gbóná, ọyún sì ń sun jáde ní ìdí eyín. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọ mọ́tò lọ sí Ìfàkì, lọ́dọ̀ dókítà eyín kan tí wọ́n ń pè ní Ọlámipọ̀sí. Obìnrin ni, kò sì tíì dàgbà púpọ̀.

Dókítà kọ́kọ́ dá Morádéyọ̀ dùbúlẹ̀. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha ìdọ̀tí líle tó ti gan mọ́ ìdí eyín rẹ̀, ó ha á títí, ìyẹn sì ń tu ẹ̀jẹ̀ sínú abọ́. Ó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fọ eyín dé ìdí láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ní kó padà wá kí òun ha ìyókù. Ìgbà tó kan Àyànfẹ́, ó fún ọyún náà jáde, ó ha ìdí eyín, ó wá fún un ní kápúsù pẹ̀lú fílájìlì.

“Ẹ lò ó tán o,” ó ní, “bí ara bá tilẹ̀ ti fúyẹ́.”

Morádéyọ̀ ń wò. “Dókítà, tèmi dà?”

“Mọ́mì, ẹ̀yin ò nílò oògùn. Ìdọ̀tí yẹn ló ń bá èrìgì yín jà, kápúsù ò sì lè ha ìdọ̀tí. Tiwọn ló ti wú, tí ara wọn ti ń gbóná. Kó má bàa ràn kọjá ibẹ̀ la ṣe fún wọn.”

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò jáde lẹ́nu tèmi ni?”

“Á dá, bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́.”

“Èmi ni ìyálé rẹ̀ o.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Mo kí yín, mà. Ṣùgbọ́n eyín ò mọ ìyálé.”

Nínú mọ́tò tá à ń bọ̀ wálé, Morádéyọ̀ ní, “Wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Oògùn tí wọ́n fún ìyàwó ńkọ́, àjà wo ni ti ìyálé wà?”

Awakọ̀ ní, “Màmá, ó wà nínú báàgì ìyàwó.”

Awakọ̀ ń ṣàwàdà ni. Morádéyọ̀ ò fi ṣàwàdà. Bí a ṣe délé, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí Àyànfẹ́ gbé oògùn wá. Àyànfẹ́ gbé e wá, ó kúnlẹ̀.

“Ìyàwó, ohun tó bá wọ ulé yìí, ta ló ń kọ́kọ́ mú?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ó dáa. Pín in.”

“Ìyá Kúnlé, dókítà ní kí n lò ó tán.”

“Kí o lò ó tán náà ni. Tìrẹ ni wàá lò tán.”

Àyànfẹ́ wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Ta ni yóò bá ìyálé jà nítorí kápúsù? Ó pín in sí méjì bí ẹni pín ẹran Kérésì, ìyálé sì mú apá tó pọ̀.

Kò tilẹ̀ gbé e mì. Ńṣe ló ń tú kápúsù, tó ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ìdí eyín, bí a ṣe ń dà á sójú egbò. Búrọ́ọ̀ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e. “Ẹni tó ti ní oògùn, kí ló fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe?” Bí Àyànfẹ́ bá jáde láàárọ̀, á tẹjú mọ́ ọn, bóyá oògùn ìyẹn ń ṣiṣẹ́ ju tòun lọ.

Ojú Àyànfẹ́ wálẹ̀ lóòótọ́, oògùn sì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́, ó tún wú, ó burú ju ti àkọ́kọ́, ojú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. A tún forí lé Ìfàkì, Morádéyọ̀ náà sì ń bọ̀, torí mímì èjí rẹ̀ ti le sí i.

“Ṣé ẹ lo oògùn yẹn tán?” Dókítà bi Àyànfẹ́.

Ìyálé rẹ̀ ló dáhùn.

“A pín in.”

“Ẹ ṣe kí ni?”

“A pín in, bí a ṣe ń pín nǹkan nílé.”

Dókítà gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Mọ́mì, oògùn kì í ṣe ẹran. Èyí tí wọ́n lò lu kòkòrò tó fa ọyún yẹn, kò pa á, ló bá dìde padà. Èyí tí ẹ̀yin lò ò rí nǹkan bá jà. Ìdọ̀tí ti tún gan mọ́ eyín yín.”

Ó fún Àyànfẹ́ ní oògùn mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, Morádéyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi fún ìyàwó, tó ń dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Òun náà ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín, ó ń tu ẹ̀jẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lọ, títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ó padà lọ, dókítà ha ìyókù. Díẹ̀díẹ̀, èjí náà dúró. Ṣùgbọ́n eyín Àyànfẹ́ kò ṣe é gbà là mọ́. Wọ́n yọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tá a jọ ń bó ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ kan pa Àyànfẹ́ lẹ́rìn-ín, ó gbàgbé láti fọwọ́ bo ẹnu. Abíọ́dún, tó jókòó pẹ̀lú Múyìwá nítòsí wa, rí i.

“Ẹ wo ìyàwó,” ó ní. “Òun náà ti ní èjí. Ó tún fẹ̀ ju ti Ìyá Kúnlé lọ.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Morádéyọ̀. Ó pa ètè dé mọ́ èjí rẹ̀.

“Ìyẹn kì í ṣe èjí,” ó ní. “Àlàfo ni.” Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó tún gbórí sókè. “Múyìwá, ìgbà wo lo máa mú un lọ fi eyín mìíràn síbẹ̀? N ó fún yín ní gàrí tí ẹ ó tà kún owó rẹ̀.”

Mo rọra bi í léèrè bóyá àánú ni àbí owú.

Ó ní kí n máa bó ẹ̀gẹ́ mi.