Iná Pupa Láyà Ẹyẹlé Mẹ́kà

Tíṣà ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo lọ sí Mẹ́kà. Àlàájì kan tó ní ìbọn pélébé nílé la jọ wà ní yàrá kan ní Asísíyà, àdúgbò kan ní Mẹ́kà. Ó ti ra iná lésà tuntun kan ní Jẹ́dà, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ìbọn bẹ́ẹ̀. Ibi tí àmì pupa rẹ̀ bá bà lé ni ọta yóò bà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a wọ hurumi, aṣọ funfun Hájì, láti lọ sí Mínà, ó fi etí aṣọ funfun náà nu iná ọ̀hún kó lè dán, ó sì tàn án láti ojú fèrèsé sí àyà ẹyẹlé kan.

"Tíṣà, ẹ wò ó! Kò lè tàsé!"

Ó rí mi lára.

"Àlàájì, ẹ pa iná yẹn. Ẹni tó wọ aṣọ yìí ò gbọdọ̀ nàka sí ẹran fún ọdẹ pàápàá."

"Iná lásán ni o! Ìbọn dà?"

"Ìka tí à ń nà náà ò ní ọta nínú."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé Hájì mi ò tíì bàjẹ́ báyìí?"

Mo ní kó lọ bi Ààfáà tó kó wa wá sí Hájì. Ó pa iná náà, ó sì lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: ohun tí a fi ń wá ibi tí ọta yóò bà kì í ṣe ohun ìṣeré.