Ọjọ́ Tí Mo Wọ Tẹ́ńpìlì Inú Ihò Àpáta

Ọjọ́ tí mo wọ tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù nínú ihò àpáta ní Íńdíà ni n kò lè gbàgbé láéláé. Ní ọdún 1996, èmi àti Àǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi, ti Forestville, ìlú tí à ń gbé, lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn kan níbẹ̀.

Lẹ́nu ihò náà, Àǹtí dúró. “Ilé òrìṣà nìyí. Bí o bá wọlé, pásítọ̀ ìjọ wa á gbọ́.”

Mo bọ́ bàtà mi. “Ẹ má bínú, Àǹtí, mò ń wọlé.”

Inú ihò náà ṣókùnkùn. Lójijì, àwọn àdán fò kọjá lórí mi. Àyà mi já, ṣùgbọ́n n kò sá. Ìgbà tí mo ríran díẹ̀, mo rí ère orí ńlá mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, tó ga ju ilé wa lọ. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é! Omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí a padà délé, pásítọ̀ ní kí n kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, kí n tọrọ ìdáríjì.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò bọ òrìṣà. Ìran ni mo lọ wò.”

N kò kúnlẹ̀, wọ́n sì yọ mí kúrò nínú kọ́áyà tí mo ti ń kọrin. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí àga iwájú, mo sì kọrin sókè ju gbogbo kọ́áyà lọ.